Mo fi L/C ra bébà láti Íńdíà lẹ́ẹ̀mejì: èrò mi nípa iṣẹ́ náà àti nípa báǹkì tó bá mi ṣe é

Bébà ni mo ń tà fún àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, ní Èkó. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo fi ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wọlé, kí n tó pinnu pé èmi fúnra mi yóò máa rà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é. Ọdún 2023 ni mo kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, láti Íńdíà, nípasẹ̀ ìwé tí báǹkì máa ń kọ láti fi ṣèlérí owó fún ẹni tó ń ta ọjà lókèèrè, èyí tí gbogbo àwa oníṣòwò ń pè ní L/C (letter of credit). Mo tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ohun méjì ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí: L/C fúnra rẹ̀, àti ọwọ́ tí báǹkì mi fi mú un. Mi ò ní dárúkọ báǹkì náà, nítorí ohun tí mo rí níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ọjà ti sọ fún mi.

Ẹni tó ń ta bébà ní Mumbai kò mọ̀ mí rí, èmi náà kò sì mọ̀ ọ́n. Bí mo bá kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́, mo lè má rí ọjà. Bí òun bá kọ́kọ́ kó ọjà sínú ọkọ̀, ó lè má rí owó. Àwìn kì í wáyé láàárín àwọn tí kò mọ ilé ara wọn. Ohun tí L/C ṣe ni pé báǹkì mi ní Èkó kọ̀wé sí i pé, bí ó bá lè kó àwọn ìwé báyìí-báyìí sílẹ̀, bí a ṣe là á kalẹ̀ gẹ́lẹ́, kí ọjọ́ tí a dá tó pé, òun yóò san owó rẹ̀. Nítorí pé kò mọ báǹkì mi náà, ó ní kí báǹkì mìíràn ní òkè òkun, èyí tí òun gbẹ́kẹ̀ lé, fi ìlérí tirẹ̀ kún ti báǹkì mi. Èmi ni mo san owó ìlérí kejì yìí, kò sì wọ́n díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rò pé onídùúró ni báǹkì jẹ́ nínú ọ̀ràn yìí, bí onídùúró tí a mọ̀ nílé, tí wọn kì í wá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àfi bí ẹni tó jẹ gbèsè bá sá lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Báǹkì tó kọ L/C kì í dúró de ìgbà tí mo bá kùnà. Òun gan-an ni ẹni àkọ́kọ́ tí owó wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì sí ìjà èmi àti ẹni tó tajà fún mi tó kàn án. Òfin tí àwọn báǹkì àgbáyé ń lò fún un ni wọ́n ń pè ní UCP 600. International Chamber of Commerce, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àgbáyé tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Paris, ló ṣe é, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2007, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1933 ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ti jáde. Abala 39 ló wà nínú rẹ̀. Abala kẹrin sọ pé L/C dá dúró, àdéhùn ọjà dá dúró. Abala karùn-ún sọ pé ìwé ni báǹkì ń bá lò, kì í ṣe ọjà. Mo ka gbólóhùn méjèèjì yìí lẹ́yìn tí mo ti jìyà àìkà wọn tán.

Bíbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò le. Mo ṣí Fọ́ọ̀mù M, ìwé tí a fi ń sọ fún ìjọba ohun tí a fẹ́ kó wọlé, lórí ẹ̀rọ ayélujára nípasẹ̀ báǹkì, mo gba ìwé adójútòfò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó wà ní Nàìjíríà, nítorí òfin wa kò gbà kí a ṣe ti ẹrù tó ń wọlé lọ́dọ̀ àwọn ti ilẹ̀ òkèèrè, mo sì fi náírà tó bá dọ́là 40,000 mu sílẹ̀. Ó tó mílíọ̀nù 18 náírà àti díẹ̀ nígbà náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, L/C ti dé Íńdíà. Mo yin báǹkì náà fún èyí.

Bébà tí mo rà jẹ́ rímù 2,200, oníwọ̀n gíráàmù 70 ní mítà kan níbùú lóòró. Ọkọ̀ gbé e, àwọn ìwé rẹ̀ sì dé Èkó kí ẹrù tó dé: invoice, èyí tí ẹni tó tajà fi ń béèrè owó ọjà rẹ̀; bill of lading, èyí tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun fi ń jẹ́rìí pé ẹrù ti wọkọ̀; àti packing list, tó ń ka iye ìdì àti ìwọ̀n wọn. Àṣìṣe kan wà nínú invoice. L/C sọ pé "woodfree paper", invoice sì sọ pé "writing and printing paper". Ẹnikẹ́ni tó bá mọ bébà mọ̀ pé ohun kan náà ni wọ́n lè jẹ́, ṣùgbọ́n òfin sọ pé bí L/C bá ṣe pe ọjà ni invoice gbọ́dọ̀ ṣe pè é. Àwọn ìwé yòókù lè fi ọ̀rọ̀ gbogbogbòò pè é, invoice kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni báǹkì mi ti já mi kulẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún péré ni òfin fún un láti yẹ ìwé wò, kí ó sì sọ, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo àléébù tí ó bá torí rẹ̀ kọ ìwé náà. Bí ọjọ́ márùn-ún bá kọjá láìsọ nǹkan kan, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ọ́ mọ́. Ọjọ́ iṣẹ́ kẹjọ ni ọmọbìnrin tó ń bójú tó ọjà òkèèrè pè mí, tí ó sì ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Àléébù kékeré kan wà nínú invoice yín, ṣé kí a gbà á bẹ́ẹ̀?" Mo ní kí wọ́n gbà á. Kò sọ fún mi pé ìbéèrè yẹn kò tún ní ìtumọ̀ mọ́, nítorí pé àyè àtikọ̀ ti kọjá lọ́jọ́ kẹta sẹ́yìn. Bóyá òun náà kò mọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ó tún gba ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ẹ̀yìn bill of lading. Orúkọ báǹkì ni wọ́n kọ ọ́ sí, nítorí náà láìsí ìfọwọ́sí yìí, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kò ní tú ẹrù sílẹ̀ fún mi. Ní gbogbo àkókò yẹn, kọ̀ntéénà méjèèjì ti dúró ní Apápá, owó ìdádúró ń gun orí ara wọn: ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ lọ́tọ̀, ti àwọn tó ni ibùdó ẹrù lọ́tọ̀. Nígbà tí mo kọ̀wé fẹ̀sùn kàn wọ́n, èsì tí wọ́n fún mi ni pé iṣẹ́ pọ̀.

Nígbà tí bébà dé Ṣómólú, oníbàárà mi kan gbé rímù kan sórí òṣùwọ̀n lójú mi. Rímù bébà gíráàmù 70, ní ìwọ̀n tí mo rà á, yẹ kó lé ní kílò 18 díẹ̀. Èyí kò pé kílò 17. Gíráàmù 64 ni wọ́n fún mi, wọ́n sì gba owó 70. Mo padà sínú fáìlì, mo yọ packing list jáde, mo sì rí i níbẹ̀ kedere: rímù 2,200, àpapọ̀ ìwọ̀n kílò 37,000. Ẹ pín in, kílò 16 àti díẹ̀ ni. Ó wà nínú ìwé látìbẹ̀rẹ̀. Ìwé tí báǹkì fi ọjọ́ mẹ́jọ wò, tí èmi náà sì gbà láìbéèrè kí wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ hàn mí, ló ti ń sọ pé bébà náà fúyẹ́. Bí wọ́n bá ti pè mí lọ́jọ́ kẹta, tí mo sì fi ìṣirò yẹn ṣe àṣàrò, ọ̀rọ̀ invoice ì bá tó láti fi kọ ìwé náà, kí ẹni tó tajà sì wá bá mi jókòó lórí iye rẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò lè di ẹ̀bi ìfúyẹ́ bébà ru báǹkì. L/C tí èmi fúnra mi ní kí wọ́n kọ kò sọ nǹkan kan nípa ìwọ̀n kílò. Kò sì sí ìwé kankan tí a ní kí ẹlòmíràn fi jẹ́rìí sí i. Báǹkì kì í ṣí kọ̀ntéénà, kò sì yẹ kó ṣí i.

Àwọn kan bi mí pé kí ló dé tí mi ò lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n dá owó náà dúró. Ẹjọ́ tí àwọn agbẹjọ́rò máa ń tọ́ka sí jùlọ wáyé ní New York lọ́dún 1941. Ọkùnrin kan ra irun ẹlẹ́dẹ̀ láti Íńdíà, ó sì fẹ̀sùn kàn pé irun màlúù àti pàǹtí ni wọ́n dì sínú àpótí fún òun. Adájọ́ ní bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé ẹni tó tajà mọ̀ọ́mọ̀ jìbìtì bẹ́ẹ̀, tí báǹkì sì ti gbọ́ kí ó tó sanwó, a kò gbọdọ̀ fi L/C dáàbò bo oníjìbìtì. Ṣùgbọ́n ó ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ọjà tí kò kàn dára tó bí a ṣe ṣàdéhùn. Ọjà tí kò dára tó ni tèmi, bébà ṣì ni bébà.

Ìlérí yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba tiwa pàápàá rí agbára rẹ̀. Lọ́dún 1975, nígbà tí ọkọ̀ símẹ́ǹtì kún ojú omi Èkó tí wọn kò rí ibi já ẹrù sí, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti kọ L/C fún ilé-iṣẹ́ Trendtex, ti ilẹ̀ Switzerland, lórí símẹ́ǹtì tọ́ọ̀nù 240,000 ní dọ́là 60 fún tọ́ọ̀nù kan. Nígbà tí wọ́n kọ̀ láti san ohun tó kù, ilé-iṣẹ́ náà gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní London. Báǹkì Àpapọ̀ ní ara ìjọba ni òun, wọn kò lè pe òun lẹ́jọ́ nílẹ̀ àjèjì. Lọ́dún 1977, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn níbẹ̀ dáhùn pé kò lè fara pamọ́ sẹ́yìn ìjọba lórí ọ̀ràn yìí. Nígbà tí mo ka èyí ni mo lóye ìdí tí ẹni tó wà ní Mumbai fi lè fọkàn balẹ̀ kó ọjà fún obìnrin tí kò rí rí.

Ìnáwó tó bá mi lójijì jù lọ kò sí nínú ìwé owó tí báǹkì kọ fún mi. L/C mi jẹ́ ti àádọ́rùn-ún ọjọ́, èyí ni pé àádọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹrù wọkọ̀ ni owó yóò tó jáde, ọjọ́ náà sì bọ́ sí ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yẹn ni Báǹkì Àpapọ̀ tú okùn tó so náírà mọ́lẹ̀. Dọ́là tó fi díẹ̀ lé ní 460 náírà nígbà tí mo fi owó sílẹ̀ ti lé ní 750 nígbà tí ọjọ́ ìsanwó pé. Mo ní láti wá ohun tó lé ní mílíọ̀nù 11 náírà kún un, lórí bébà tí mo ti tà jáde ní iye àtijọ́. Ọjọ́ gbọọrọ yẹn dà bí àánú nígbà tí mo ń gbà á. Ẹni tó bá ń ta ọjà rẹ̀ ní náírà gbọ́dọ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Íńdíà, èmi fúnra mi ni mo jókòó ti ọmọbìnrin báǹkì náà tí a jọ kọ ọ́ ní ìlà dé ìlà. Mo kọ ìwọ̀n kílò tí rímù kan kò gbọdọ̀ dín sí. Mi ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "about" wọ iwájú iye kankan, nítorí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn fún ẹni tó ń tajà láyè ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sókè tàbí sísàlẹ̀. Mo ní kí ilé-iṣẹ́ ayẹ̀jàwò kan tó dá dúró wọn bébà náà kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn kọ̀ntéénà, kí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lára ohun tí báǹkì yóò gbà kí ó tó sanwó. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìwé ni báǹkì ń rà, mo wá ìwé tó rí inú ọjà rà. Mo sì jẹ́ kí ó jẹ́ owó ojú ẹsẹ̀, kì í ṣe ti àádọ́rùn-ún ọjọ́. Bébà tó dé pé. Báǹkì tún pẹ́ láti fọwọ́ sí bill of lading, ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́tẹ̀ yìí.

Bí mo bá ní kí n fi ìràwọ̀ díwọ̀n rẹ̀, mo fún L/C fúnra rẹ̀ ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ó ṣe gbogbo ohun tí ó ṣèlérí, kò sì ṣe ohun tí kò ṣèlérí. Mo yọ ọ̀kan kúrò nítorí owó rẹ̀: owó ìṣísílẹ̀, owó ìlérí báǹkì kejì, owó àtúnṣe ní gbogbo ìgbà tí a bá yí ìlà kan padà. Ẹni tó bá ń ra ọjà tí kò tó dọ́là 10,000 yóò rí i pé àwọn owó wọ̀nyí jẹ èrè rẹ̀ tán, kí ó wá ọ̀nà mìíràn. Fún ọjà ńlá lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀, mi ò rí ohun tó dára jù ú lọ. Báǹkì ni mo fún ní méjì: wọ́n yára láti kọ L/C, wọ́n mọ̀wàhù, ṣùgbọ́n wọn kò ka iye ọjọ́ tí òfin fún wọn sí, ìyẹn sì ná mi lówó ní Apápá lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti kọ̀wé sí wọn pé, kí a tó ṣe ìkẹta, kí wọ́n fi ọwọ́ sí ìwé kan pé wọn yóò fi ẹ̀dà gbogbo ìwé ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ tó bá dé ọwọ́ wọn gan-an. Mo ṣì ń retí èsì, mo sì ti lọ bá báǹkì mìíràn sọ̀rọ̀.