Eré olórin ní Kútọ̀: orúkọ àwọn tó gbé e dúró kò sí nínú ìwé

Ẹ lọ wo eré náà. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo wá ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Eré olórin tí wọ́n ń ṣe ní June 12 Cultural Centre, ní Abẹ́òkúta níbí, lórí ìjà owó orí tí àwọn ìyá wa jà ní 1947, tó ₦5,000 tí mo san, ó tún lé. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ gidi ni wọ́n ró, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Èmi tí mo ń tà á ní Ìtòkú ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ lákòókò.

Orin ni ọ̀rọ̀ mi wà lé lórí.

Ìwé ètò tí wọ́n fún wa lẹ́nu ọ̀nà gbé fọ́tò olùdarí eré sí iwájú. Nínú rẹ̀, fọ́tò arábìnrin tó ṣe Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó ṣáájú ìjà náà, àti ti ẹni tó ṣe Aláké. Lábẹ́ wọn, ìlà kan: gbogbo orin láti ọwọ́ olùdarí. Ó parí síbẹ̀. Kò sí orúkọ onílù kankan, kò sí ti ẹlẹ́gbè, kò sí ti ẹni tó to ohùn fún wọn. Mo ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin, áltò, ohùn ìsàlẹ̀ àwọn obìnrin, ni mò ń kọ, mo mọ̀ pé ẹnìkan ló jókòó ti iṣẹ́ yẹn: ó fún àwọn kan ní ohùn òkè, ó fi áltò sábẹ́ rẹ̀, ó ní kí àwọn ọkùnrin dákẹ́ títí di ìlà tó kẹ́yìn. Irú ẹ̀ kì í ṣèèṣì ṣẹlẹ̀.

Níbi tí àwọn obìnrin ti ń wọ́ lọ sí ààfin ní Aké, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ìyáàlù ló kọ́kọ́ sọ orin náà. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń lù ú, ó wà ní igun òsì pẹ̀lú omele méjì àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́sẹ̀ òṣèré. Bí arábìnrin náà bá dúró, ìlù á dúró. Kó tó yíjú, ìlù á ti pè é. Nígbà tó yá, máìkì rẹ̀ kú láàárín orin. Bàbá rọ ìlù sílẹ̀, àwọn ẹlẹ́gbè gba orin náà pẹ̀lú ohùn lásán, wọ́n gbé e títí wọ́n fi fún un ní máìkì mìíràn. Gbogbo wa dìde, a pàtẹ́wọ́. Arábìnrin náà nìkan ló bọ́ síwájú tó tẹrí ba. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì mọ eré ṣe, n kò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó nawọ́ sí igun òsì.

Nígbà tí eré tú, mo lọ kí bàbá. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ta ló fún yín ní ìlù ìwọ́de yẹn?" Wọ́n ní ẹnu ni wọ́n fi kọ orin náà fún àwọn, àwọn ló wá ìlù sí i. Ẹni tó wá ìlù sí orin ti dá nǹkan sílẹ̀ nìyẹn.

Olùdarí náà ṣe bẹbẹ. Orin tí Aláké kọ níbi tó ti fẹ́ fi oyè sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949, òun ló kọ ọ́, ó sì wọ̀ mí lára. Àmọ́ méjì nínú orin ìwọ́de yẹn, ìyá ìyá mi máa ń kọ ọ́ nídìí aró kí wọ́n tó bí olùdarí. Àwọn obìnrin ọjà ló ni ín. Ó yẹ kí ìwé sọ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe Abẹ́òkúta nìkan. Nínú fíìmù My Fair Lady ti 1964, Marni Nixon ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin tí a rò pé Audrey Hepburn ń kọ, wọn kò sì fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, 1947 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn Tony fún eré ìtàgé. Ó di 1997 kí wọ́n tó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń to orin fún ohun èlò. Fẹlá ní tirẹ̀, ọmọ ìyá tí eré yìí dá lé lórí gan-an, gbà ní gbangba pé láìsí Tony Allen tó ń lu ìlù fún òun, kò ní sí Afrobeat. Bí Fẹlá bá lè sọ ọ́, ta ni kò lè sọ ọ́?

Wọ́n tún máa ṣe é ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ wá àyè sí iwájú lápá òsì kí ẹ lè rí àwọn onílù dáadáa. Bí olùdarí bá sì ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún ìwé ètò náà tẹ̀ kí Sátidé tó dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, ó gba gbogbo orúkọ wọn.