Ẹ wá ará yín tó lọ sí Bọ́mà: àgbéyẹ̀wò mi lórí ìkànnì CWGC

Nínú gbogbo ibi tí mo ti ń wá ìtàn ogun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí èyí tó ṣe mí lóore tó CWGC, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.7 orúkọ ló wà níbẹ̀, ti àwọn tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní àti Ìkejì. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Iléṣà níbí ni mo ti ń lò ó, lórí fóònù, kì í sì í jẹ dátà.

Àbúrò bàbá bàbá mi wà lára àwọn tó lọ ja ogun Hítílà ní Bọ́mà (tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí) tí kò padà wálé. A kò ní fọ́tò rẹ̀. Ìwé pélébé kan tí nọ́ńbà ológun rẹ̀ wà lára rẹ̀ nìkan ni ìyá àgbà tọ́jú. Nọ́ńbà yẹn ni mo tẹ̀, ó sì gbé e jáde. Orúkọ tí wọ́n kọ fún un yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí a mọ̀ nílé, ṣùgbọ́n òun ni. Orúkọ rẹ̀ wà lára ìrántí Rangoon, nínú itẹ́ òkú Taukkyan, pẹ̀lú nǹkan bíi 27,000 ọmọ ogun tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí wọ́n sùn sí. Mo pe bàbá mi, mo kà á fún wọn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ìyá wọn.

Bí ẹ kò bá ní nọ́ńbà, ẹ tẹ “Nigeria Regiment” sí àyè ẹgbẹ́ ológun. Ẹ tún dán “Ilesha” wò ní àyè orúkọ ìdílé, torí àwọn akọ̀wé ológun máa ń fi ìlú ènìyàn ṣe orúkọ ìdílé rẹ̀, pàápàá àwọn ará Òkè Ọya.

Òkú nìkan ló wà níbẹ̀ o. Ẹni tó jagun tó sì padà délé, ẹ kò ní bá a. Bí ẹ kò bá sì rí ẹni tó kú nínú Ogun Kìíní, ẹ má sọ pé kò lọ. Lọ́dún 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé ìwádìí jáde pé ó kéré tán 116,000 ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, ni wọn kò dárúkọ wọn níbi ìrántí kankan. Ó dùn mí gan-an.

Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àwọn ẹgbẹ́ ológun tó jà ní Bọ́mà wà ní National Archives ti Lọ́ńdọ̀nù, lábẹ́ àmì WO 172. Ọ̀fẹ́ ni kí ẹ wo àtòjọ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé náà kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá ẹgbẹ́ 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. (Ẹ̀yin tó ń kọjá níwájú bárékè Letmauk ní Ìbàdàn, ibi tí àwọn ọmọ ogun wa ti jà ní Bọ́mà lọ́dún 1945 ni wọ́n fi sọ ọ́.) Fún fọ́tò, Imperial War Museums ló dára jù.

Ogun Kírìjì, 1877 sí 1893, ló wu ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ju ti Bọ́mà lọ. Internet Archive, ibi ìkówèépamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kí irú wọn lọ. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. “Ogedemgbe” ni kí ẹ tẹ̀ bí ẹ bá ń wá Ògèdèǹgbé nínú rẹ̀. JSTOR, ìkànnì àpilẹ̀kọ àwọn onímọ̀, náà dára: ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀fẹ́, ẹ ó lè ka àpilẹ̀kọ 100 lóṣù, Journal of the Historical Society of Nigeria sì wà níbẹ̀.