Ratchet binder fún àwa tá à ń fi lowbed kó katapílà
Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà lowbed, tírélà pẹlẹbẹ tá a fi ń kó ẹ̀rọ ńlá, ratchet binder, ìyẹn irin tá a fi ń fún ṣéènì tó de ẹrù, dáa ju onílífà, èyí tá a máa ń fi ọwọ́ irin fà le lẹ́ẹ̀kan náà, lọ fíìfíì. Onílífà yẹn, tẹ́ ẹ bá ti fà á le tán tọ́wọ́ wá lọ yọ̀, ó lè ta padà kó gbá èèyàn lágbọ̀n, eyín á sì ṣí síbẹ̀. Ratchet binder ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, díẹ̀díẹ̀ ló ń fún ṣéènì, kà-kà-kà, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tú u, díẹ̀díẹ̀ náà ni. Tí katapílà bá ti gun ẹ̀yìn tírélà tán, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la máa ń dè, ká tún fi ṣéènì ọ̀tọ̀ de bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, tá a bá wá rìn díẹ̀ mo máa ń páàkì yẹ̀ ẹ́ wò torí ẹrù máa ń sún lọ́nà, ṣéènì á sì dẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ràn ẹ̀, ẹ kàn yí i díẹ̀ ni, ó ti le padà. Ó wúwo ṣá o, ẹrẹ̀ sì máa ń há sínú ẹ̀, ẹ máa fi gírísì sí i. Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀, agbára ẹ̀ ò gbọdọ̀ kéré sí ti ṣéènì, bí àpẹẹrẹ, ṣéènì grade 70 (irú ṣéènì líle tá a fi ń de ẹrù) oní 3/8 inch, bíi tọ́ọ̀nù 3 ni agbára tiẹ̀.