Iṣẹ́ ọnà Àdùnní nínú Igbó Ọ̀ṣun: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò

Ẹni tó bá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rìn nínú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kàn fowó ẹnubodè ṣòfò ni. Wákàtí méjì ló kéré jù, àárọ̀ kùtù ló sì dáa jù. Ìgbà yẹn ni oòrùn máa ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, tí ibi tí ọwọ́ ti rẹ́ sìmẹ́ǹtì àti ibi tí ìka ti fa ilà á hàn kedere. Tó bá dọ̀sán, àwọ̀ eérú kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ máa ń gbé wọ̀.

Susanne Wenger, ará Austria tí wọ́n bí ní 1915, tí Òṣogbo ń pè ní Àdùnní Olórìṣà títí tó fi kú síbẹ̀ ní 2009, ló darí iṣẹ́ náà, àmọ́ òun nìkan kọ́ ló ṣe é. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó bá a mọ ère. Kàsálí Àkàngbé gbẹ́ igi, Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí gbẹ́ òkúta. Ẹni tó bá pe gbogbo rẹ̀ ní iṣẹ́ òyìnbó kan ṣoṣo ò tíì wò ó dáadáa.

Irin ni eegun àwọn ère ńlá yẹn. Wọ́n á tẹ ọ̀pá irin bí ara ère ṣe máa rí, wọ́n á dè é, wọ́n á wá máa bo sìmẹ́ǹtì àti yanrìn mọ́ ọn ní ìpele ìpele. Ìdí nìyẹn tí apá ère Ìyá Mọ̀ọ́pó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, fi lè nà jáde láìsí òpó lábẹ́ rẹ̀. Amọ̀ nìkan ò lè gbé e.

Ẹ dúró pẹ́ lábẹ́ ère ìjàpá tó ń fò. Gbogbo wa la gbọ́ àlọ́ ìjàpá tó yá ìyẹ́ lọ́wọ́ ẹyẹ, tó já lulẹ̀, tí èèpo rẹ̀ fọ́. Èyí ò já. Ní Ìlédì Oǹtótòó, ilé àwọn Ògbóni, náà, òrùlé mẹ́ta ló ta sókè bí alángbá tó gbórí. Lójú tiwa, òun ló dáa jù nínú igbó náà, torí ó jọ ohun tó hù látinú ilẹ̀.

Níbi tí ìṣòro wà: ọ̀rinrin. Tí ògiri bá ti lanu, omi ló ń ṣáájú alángbá wọlé. Irin inú á dípẹtà, ìpẹtà á wú, á sì ti sìmẹ́ǹtì jáde láti inú. Bíbo ojú sísán náà lásán ò wò ó sàn; àfi kí wọ́n fọ́ ọ dé ibi tí irin wà, kí wọ́n ha á, kí wọ́n tó tún rẹ́ ẹ. Ibi tí wọ́n bá tún ṣe máa ń funfun ju ara tó kù lọ títí ewédò á fi bò ó. Ní ti amọ̀ àti igi, ikán ni ọ̀tá wọn.

Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà fún kámẹ́rà kẹ́ ẹ tó ya ohunkóhun, kẹ́ ẹ sì gba àyè níwájú ojúbọ. Oṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, èrò ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí ère. Ẹ má mu omi odò: ìwakùsà góòlù ti bà á jẹ́, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ti kìlọ̀. Ó dunni gan-an, níbi tí UNESCO ti kà sí ogún àgbáyé láti 2005.

Àdùnní ya àwòrán sára aṣọ pẹ̀lú: ó lo ẹ̀kọ láfún bí àwọn aládìrẹ ṣe ń lò ó, kí aró má bàa wọ ibi tó bá kùn, ó sì tún lo àbẹ́là yíyọ́ bákan náà. Tẹ́ ẹ bá rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì gbà yín láyè, ẹ yí i padà. Ojú kan ni wọ́n máa ń fi ẹ̀kọ kùn, nítorí náà ẹ̀yìn aṣọ ẹlẹ́kọ á ṣú. Àbẹ́là máa ń wọ aṣọ já, ọnà rẹ̀ á sì hàn níwájú àti lẹ́yìn.