Íntálọ́ọ̀kì lásán àti ilẹ̀ amumi: èwo ni kí ẹ tẹ́ sí àgbàlá?

Bí òjò bá dá tán tí omi dúró síwájú géètì, gọ́tà ni gbogbo èèyàn máa ń bú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, gọ́tà kò jẹ̀bi. Àgbàlá tí a fi kọnkéré bò láti ògiri dé ògiri ló da gbogbo omi orí rẹ̀ sí títì lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ amumi yàtọ̀: omi ń gba àárín rẹ̀ wọlé, ó ń dúró sínú òkúta tó wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ á wá máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Olùtà á sọ fún yín pé omi ń wọ íntálọ́ọ̀kì tòun náà. Ẹ wo àlàfo àárín òkúta méjì. Bó bá jẹ́ mílímítà 2 tàbí 3, tí stone dust (ìyẹ̀fun òkúta) kún ibẹ̀, tí ilẹ̀ pupa tí wọ́n fi rólà tẹ̀ wà lábẹ́, íntálọ́ọ̀kì lásán ni. Ti amumi ní etí kéékèèké lára tí kì í jẹ́ kí òkúta méjì lẹ̀ mọ́ra. Àlàfo rẹ̀ tó mílímítà 6 sí 13, òkúta wẹ́wẹ́ tí a sẹ́ ìyẹ̀fun kúrò lára rẹ̀ la sì fi ń dí i. Irú ilẹ̀ amumi mẹ́rin tí ẹ lè yàn nìyí; búlọ́ọ̀kù oníkoríko ni èyí tó ní ihò tí a ń gbin koríko sí, gíráníìtì dídà sì ni òkúta tí a kàn dà sílẹ̀.

| | Íntálọ́ọ̀kì amumi | Kọnkéré amumi | Búlọ́ọ̀kù oníkoríko | Gíráníìtì dídà |
|---|---|---|---|---|
| Mọ́tò ojoojúmọ́ | Ó gbé e, bó bá nípọn tó mm 80 | Ó gbé e ní mm 150 | Ti àlejò nìkan | Táyà ń tú u ká |
| Ooru | Ó dín díẹ̀ nígbà tí omi bá wà lára rẹ̀ | Bákan náà | Òun ló tutù jù | Ó dín díẹ̀ |
| Àtúnṣe | Ẹ hú u, ẹ tún un tò | Ẹ gé e, ẹ da tuntun | Ẹ tún koríko gbìn | Ẹ rà kún un |
| Ohun tó ń pa á | Stone dust | Omi àpòjù nígbà tí wọ́n ń pò ó | Ọ̀dá àti òjìji mọ́tò | Ẹrẹ̀ tó ń yọ láti ìsàlẹ̀ |

Ohun tí ẹ ń fowó rà gan-an wà lábẹ́. Fún íntálọ́ọ̀kì amumi tí mọ́tò máa gùn, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ ní mílímítà 430. Mílímítà 200 ìsàlẹ̀ jẹ́ òkúta ńlá (mílímítà 40 sí 60), 100 tó tẹ̀ lé e jẹ́ gíráníìtì 3/4 (íǹṣì), 50 jẹ́ gíráníìtì 3/8 (íǹṣì), 80 tó kù sì jẹ́ íntálọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Ìpele kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ kí wọ́n tó da òmíràn lé e. Tí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ geotextile, aṣọ tí omi ń gbà kọjá, kí ẹrẹ̀ má baà gòkè wá. Ẹ fi kọnkéré gbá etí rẹ̀ yí ká, nítorí íntálọ́ọ̀kì tí kò ní etí yóò máa sún lábẹ́ táyà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àgbàlá mítà 10 níbùú, mítà 10 lóòró, pẹ̀lú òkúta mílímítà 300 (ìpele méjì ìsàlẹ̀): nǹkan bí tọ́ọ̀nù 45 ni, ìyẹn típà olótọ́ọ̀nù 15 mẹ́ta. Nínú òkúta tí kò ní ìyẹ̀fun, nǹkan bí 35 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ òfo, nítorí náà yóò gba omi tó lítà 10,500 sí 12,000. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 tí omíyalé ṣọṣẹ́ ní Ìbàdàn, mílímítà 187.5 ni òjò tí wọ́n wọ̀n. Àgbàlá yìí ì bá gba ju ìdajì èyí tó rọ̀ sórí rẹ̀ lọ, kí ilẹ̀ tó mu ẹ̀kán kan. Bí bíríkìlà bá wá da stone dust sí i nítorí pé bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, gbogbo òfo yẹn ti dí, owó yín ti wọlẹ̀ kí omi tó wọlẹ̀.

Kọnkéré amumi kò ní yanrìn rárá. Sí àpò sìmẹ́ǹtì 50 kg kan, ẹ lo gíráníìtì 3/8 tó tó kg 200, àti omi lítà 14 sí 17. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan níbẹ̀, kí ẹ fún un. Tó bá dúró bí bọ́ọ̀lù tó sì ń dán lára, ó dára. Tó bá fọ́, omi ò tó. Tí omi sìmẹ́ǹtì bá ń kán láàárín ìka yín, ó ti pọ̀ jù: sìmẹ́ǹtì náà á ṣàn lọ sísàlẹ̀, á dí ibẹ̀ pa, òkúta orí á sì máa já wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bíríkìlà tó fẹ́ràn kí ojú iṣẹ́ máa kọ mọ̀nà ni kí ẹ ṣọ́ jù; tó bá rẹ́ ẹ kó dán, ó ti di kọnkéré lásán. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n ti fi ọ̀rá bò ó, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méje. Lójú tiwa, ẹni tí kò bá tíì rí òṣìṣẹ́ tó ti ṣe é rí, kó mú íntálọ́ọ̀kì.

Ti búlọ́ọ̀kù oníkoríko, ẹ jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ inú ihò rẹ̀ fi mílímítà 10 sí 20 relẹ̀ sí ojú búlọ́ọ̀kù, kí táyà má baà tẹ gbòǹgbò koríko. Ẹ óò máa bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá jẹ́ torí ooru lẹ ṣe ń wá ilẹ̀ amumi, òun ni kí ẹ rà: omi tó ń fẹ́ lọ láti ara ewé ló ń mú ilẹ̀ tutù. Ní ọyẹ́, tí òkúta bá ti gbẹ, ti àwọn tó kù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí kọnkéré.

Àwọn ibi kan wà tí kò yẹ. Ẹ gbẹ́ ihò dé ibi tí òkúta máa dé, ẹ rọmi sí i kó rin, ẹ tún rọ òmíràn, kí ẹ fi rúlà wò ó. Bí omi bá ń lọ sílẹ̀ ju mílímítà 13 lọ ní wákàtí kan, ó dára. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ ní láti tẹ́ páìpù oníhò tí yóò máa da omi náà síta. Ní Lẹ́kì àti irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìgbà òjò ni kí ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí: tí omi ilẹ̀ kò bá fi mílímítà 600 jìnnà sí ìsàlẹ̀ òkúta, kò ní sí àyè tí òjò máa wọ̀. Ẹ jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé ní mítà 3, sí kànga ní mítà 30, ẹ má sì ṣe pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ́ ẹ tán, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni da yanrìn tàbí iyẹ̀pẹ̀ sórí rẹ̀, àní fún ọjọ́ kan. Ìdọ̀tí sábà máa ń dúró sí sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 òkè, nítorí náà ẹ lè fi ọ̀bẹ wú òkúta àlàfo náà, kí ẹ fi tuntun dípò. Bí ẹ bá fẹ́ lo ẹ̀rọ afọmífọ̀ (pressure washer), ẹ dẹ ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá dojú kọ ilẹ̀ tààrà, òkúta ló máa tú síta. Kí ẹ tó san owó tó kù fún oníṣẹ́, ẹ da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ibi tó bọ́ sí ló gbọ́dọ̀ ti wọlé. Èyí tó bá ṣàn dé ẹsẹ̀ yín, kí oníṣẹ́ hú u.