Kọngílá, tàbí kí ẹ ra ọjà fúnra yín: èwo ni kí ẹ fi tún ilé ṣe?

Ọ̀nà méjèèjì ni mo ti tọ̀. Ní 2019, a tún ilé bàbá mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ṣe. Èkó ni mo ń gbé, nítorí náà mo gbé gbogbo iṣẹ́ fún kọngílá kan: òun ló ra ọjà, òun ló kó òṣìṣẹ́ wá. Ní 2022, ó kan ilé tiwa ní Ìjú. Mo ra ọjà fúnra mi, mo sì san owó iṣẹ́ nìkan, èyí táwọn bíríkìlà ń pè ní wọ́kìmánṣíìpù. Mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ béèrè iye lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta kí ẹ tó mú ẹnì kan. Ẹ ti mọ ìyẹn.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà là ń wò ká tó pe bíríkìlà. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí gbogbo ibi tó tutù lára ògiri, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ní yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ kọngílá ni àìkọsílẹ̀ ti máa ń wọ́n jù. Bí ẹ bá yí ọkàn padà lórí fèrèsé kan péré, "Mọ́mì, èyí ò sí nínú àdéhùn" ni ẹ máa gbọ́, owó tuntun dé nìyẹn. Ẹni tí ẹ ń sanwó iṣẹ́ fún lóòjọ́, owó ọjọ́ kan ni ẹ máa fi kún tiẹ̀.

Owó

Kọngílá wọ́n jù, èrè rẹ̀ sì wà nínú ohun gbogbo, láti orí ìṣó dé orí ilẹ̀kùn, níbi tí ẹ ò ti lè rí i. Ẹni tó ń ra ọjà fúnra rẹ̀ náà á pàdánù díẹ̀: owó ọkọ̀, àṣẹ́kù, àti olè. Báàgì sìmẹ́ńtì márùn-ún fẹsẹ̀ fẹ́ẹ ní Ìjú, mi ò sì mọ ẹni tó gbé e títí dòní.

Àsìkò

Kọngílá ló yá jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Mọ́kọ́lá gbà. Ìjú gbà ju oṣù mẹ́ta lọ, torí onítáìlì wa, ọmọ Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, lọ ṣe Iléyá nílé, ó sì gbàgbé pé a wà láyé. Ṣùgbọ́n ẹ fi bọ́ọ̀lù sórí ilẹ̀ tó tẹ́ yẹn, kò ní yí.

Wàhálà

Èyí tí ẹ ra ọjà fúnra yín ló ní i. Ẹ ra òògùn orí fífọ́ kún ọjà.

Ohun tí wọ́n bò mọ́giri

Ibi tó dùn mí nìyí, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Kọngílá wa kọ ọ́ sínú àdéhùn pé PPR ni òun máa fi ṣe omi gbígbóná balùwẹ̀ òkè, ìyẹn páìpù tí wọ́n máa ń fi irin gbígbóná yọ́ pọ̀, tí kò lo gúlúù. Ó gba ìdá 70 nínú 100 owó náà kó tó gbé ṣọ́bìrì. Nígbà tí mo máa fi dé lópin ọ̀sẹ̀, táìlì ti bo ògiri, ó ń dán gbinrin. Mo yin iṣẹ́ náà, mo tún fún àwọn ọmọ iṣẹ́ lówó mínírà.

Ọyẹ́ dé, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí lo hítà. Kò pẹ́ tí àjà POP pálọ̀ ìsàlẹ̀ fi yọ àbààwọ́n bíi tíì, ó wú, ó sì já lulẹ̀ sórí àga. Púlọ́ḿbà tí mo pè fọ́ ògiri, ó fa páìpù náà jáde, ó nà án sí mi láìsọ̀rọ̀. PVC funfun ni, tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀. Kò sóhun tó ṣe é bó bá jẹ́ omi tútù. Ṣùgbọ́n bí omi inú rẹ̀ bá ti gbóná tó ìwọ̀n 60 Celsius, á máa rọ̀, oríkèé rẹ̀ á sì máa ṣí díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀n 65 ni wọ́n yí hítà ilé wa sí.

Mo pe kọngílá. "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun." Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà kò tíì dé. Kí ni mo tún fẹ́ fi mú un? Gbogbo owó rẹ̀ ló ti gbà tán.

Táìlì tí a fọ́ tún wá di ẹjọ́ mìíràn. Kọngílá ò ṣẹ́ ẹyọ táìlì kan kù fún wa. Mo wá a dé ọjà Òdúnadé ní Orílé, l'Ékòó. Mo rí orúkọ kan náà, ilé iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà àwọ̀ tó wà lára páálí ti yí padà. A lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ní ògiri náà dà bíi ṣòkòtò tí wọ́n lẹ̀ nídìí.

Nígbà tó kan Ìjú, èmi ni mo gbé PPR wálé. Mo dúró ti púlọ́ḿbà bó ṣe ń yọ́ ọ pọ̀: irin ní ìwọ̀n 260 Celsius, ìṣẹ́jú àáyá 7 fún páìpù mìlímítà 25. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lórí irin, inú páìpù á yọ́, á sì dí. Lẹ́yìn náà ló dí gbogbo ẹnu páìpù, ó sì fi pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ ti omi sínú rẹ̀. Tánkì tó ga tó mítà 10, báà 1 péré ni agbára omi rẹ̀. Báà 8 la gbé tiwa sí, a sì sùn lé e. Láàárọ̀, ọwọ́ aago ara pọ́ǹpù náà ti wálẹ̀ sí 5. Ẹ́lìbò kan, ìyẹn oríkèé tí páìpù ti yà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì ló ń jò. Ó gé e, ó tún un ṣe, a tún un dán wò, kí bíríkìlà tó fọwọ́ kan ògiri. Lẹ́yìn ìyẹn, a dí ojú ihò ilẹ̀ balùwẹ̀, a da omi sí i, a sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Onítáìlì ń kùn pé à ń fi àkókò òun ṣòfò. Mo ra ẹ̀bà fún un.

Wáyà náà kò yàtọ̀ (ìsanra rẹ̀ ní mm²): 1.5 fún iná, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún ẹ̀rọ amúlétutù. Bí ògiri bá ti bò ó, ta ló máa mọ̀?

Ká sòótọ́, ẹ lè ní kí kọngílá náà ṣe gbogbo èyí. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọn ò gbọdọ̀ bo ohunkóhun kí ẹ tó rí i, kí ẹ sì pín owó sí ìpele ìpele. Ẹ di ìdá 10 mú títí òjò kan àti ọyẹ́ kan á fi kọjá lórí ilé náà. Bí ẹ bá fẹ́ wo iṣẹ́ rẹ̀, ilé tó ṣe lọ́dún méjì sẹ́yìn ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì bi onílé léèrè ọ̀rọ̀ balùwẹ̀. Èyí tó ṣe lóṣù tó kọjá, kò sí èyí tí kò ní dán. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún yín. Bí ẹnì kan bá sì wà níbẹ̀, kí ni ẹ tún ń san èrè kọngílá fún?

Bí iṣẹ́ bá kan òpó tàbí dẹ́kìn

Níbí, kọngílá tó ní ẹ̀ńjíníà tí COREN, àjọ tó ń bójú tó àwọn ẹ̀ńjíníà, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló borí, mi ò jiyàn. L'Ékòó, LASPPPA ló ń fúnni níwèé àṣẹ, LASBCA ló ń yẹ iṣẹ́ wò, ẹ sì mọ ohun tí àmì X pupa lára ògiri túmọ̀ sí: wọ́n fẹ́ wó o. Síbẹ̀, ẹ fi ojú yín wo báàgì sìmẹ́ńtì: láti 2014 ni SON, àjọ tó ń ṣètò ojúlówó ọjà, ti ní sìmẹ́ńtì tí wọ́n kọ agbára 32.5 sí lára kò kọjá rírẹ́ ògiri.

Èwo ni kí ẹ mú?

Bó bá jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ wà, tí ẹ kò sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó lè dúró ti iṣẹ́, ẹ mú kọngílá, kí ẹ má sì san owó ìpele kejì láìrí fídíò tèkíní. Bí iṣẹ́ bá tóbi, ẹ mú kọngílá. Àwọn tó mọṣẹ́ wà nínú wọn, mo mọ̀ méjì.

Ní tèmi, ó ku ilé ìdáná Mọ́kọ́lá. PPR ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, táìlì àti páálí méjì lé ti wà lábẹ́ ibùsùn ìyá mi. Púlọ́ḿbà ń bọ̀ bí òjò bá ti dá.