Irin wo ló yẹ réélìn ilé yín l'Abuja?

Òkun jìnnà sí Abuja, ìyẹn ló sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣe réélìn kọ́kọ́ fi sọ́kàn. Ará yín tó ń kọ́lé sí Lekki lè sọ pé stainless (irin tí kì í tètè dípẹtà) oní-nọ́ńbà 316 nìkan ló dáa; nọ́ńbà yìí ló ń sọ irú stainless tó jẹ́. Òótọ́ ni fún un: atẹ́gùn oníyọ̀ ló ń bá jà. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, owó dànù ni. Stainless 304 ti tó, nínú ilé àti níta.

Irin dúdú lowó rẹ̀ kéré jù. Gbogbo jórinjórin ló mọ̀ ọ́n jó, ó sì ṣeé tẹ̀ sí àrà tó bá wù yín. Omi ni ọ̀tá rẹ̀, pàápàá ní ìdí òpó. Bí òpó ò bá ní ìdérí, òjò á wọnú rẹ̀, á dúró sí ìsàlẹ̀, ìpẹtà á máa jẹ ẹ́ láti inú nígbà tí ọ̀dà ìta ṣì ń dán. Kí wọ́n dé e lórí, kí wọ́n fi bóòtù de ìdí rẹ̀ mọ́ kọnkéré, kí wọ́n má rì í mọ́ sìmẹ́ńtì. Red oxide, ọ̀dà àkọ́kùn tó ń dènà ìpẹtà, ni kó ṣáájú ọ̀dà.

Galvanised ni irin tí wọ́n fi zinc bò. Fún bàkónì tí òjò ń pa, a máa mú un ṣáájú irin dúdú. Àmọ́ iná jórinjórin máa ń jó zinc náà dànù lójú ìsopọ̀. Bí wọn ò bá fi ọ̀dà oní-zinc kùn ún padà, ibẹ̀ ni yóò ti dípẹtà. Èéfín rẹ̀ burú, ìta gbangba ni kí wọ́n ti jó o.

Ibi tí jìbìtì pọ̀ sí ni stainless. Ojú kò lè mọ 201, irú stainless mìíràn, yàtọ̀ sí 304, òòfà gan-an kò ràn yín lọ́wọ́, torí kì í sábà fa èyíkéyìí nínú wọn. 304 ní chromium bíi 18% àti nickel bíi 8%. Nínú 201, manganese ló gba ipò púpọ̀ nínú nickel, ìdí nìyẹn tó fi tètè ń yọ àbàwọ́n pupa níta. Kẹ́míkà kan wà tí wọ́n ń kán sára irin láti fi dá manganese mọ̀; ẹ ní kí wọ́n kán an lójú yín ní ọjà Dei-Dei kẹ́ ẹ tó sanwó. Electrode (ọ̀pá ìjórin) 308L ni wọ́n fi ń jó 304. Bí wọ́n bá fi ti irin dúdú jó o, tàbí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gé irin dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹ̀ta iná ń ta sí i, á dípẹtà. Ásíìdì tí àwọn onítáìsì fi ń fọ ilẹ̀ náà ń bà á jẹ́: kí wọ́n fọ táìsì tán kí réélìn tó wọlé.

Àlùmíníọ̀mù fúyẹ́, ìwúwo rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin, kì í sì í dípẹtà. Ó rọ̀ ju irin lọ ṣá, ẹ̀rọ tí jórinjórin àdúgbò ń lò ò sì lè jó o dáadáa. Síkúrúù ni wọ́n fi ń dè é. Sìmẹ́ńtì tútù máa ń jẹ ẹ́, ẹ fi nọ́ọ̀lọ́nù wé e títí iṣẹ́ á fi parí.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ mú kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn nínípọn irin, dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ rà á. Páìpù tí wọ́n pe nínípọn irin rẹ̀ ní 1.5 mm lè má ju 1 mm lọ. Àlàfo àárín ọ̀pá kò gbọdọ̀ ju 100 mm, kí orí ọmọdé má baà há síbẹ̀.